Lẹ́yìn Tí Oúnjẹ Bá Tán: Ìtàn Ewé, Agolo àti Ìgò Nílẹ̀ Yorùbá

Bí ẹ bá wọ ọjà Muṣin ní Èkó lónìí tí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì, agbára káká ni ọlọ́jà yóò fi dá yín lóhùn ní kílò. Yóò ní, "Ṣé kóńgò ni àbí dẹ́rìkà?" Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ yóò ní kí wọ́n wọn agolo mílíìkì méjì fún òun. Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ elépo, ìgò ni yóò fi wọn tirẹ̀ fún yín. Ní ọdún kan, mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ní kíláàsì pé kí ni dẹ́rìkà. Wọ́n ní òṣùwọ̀n ni. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ó tó di òṣùwọ̀n ńkọ́? Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ẹnì kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ tútù, ló mọ̀ pé orúkọ tòmátì alágolo kan láti ilẹ̀ Ítálì ni. Tòmátì tán nínú agolo, agolo di òṣùwọ̀n, orúkọ ọjà sì di ọ̀rọ̀ Yorùbá.

Ìtàn irú agolo bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ: ìtàn ohun tí a fi di oúnjẹ, lẹ́yìn tí oúnjẹ inú rẹ̀ ti tán. Àwọn òpìtàn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa epo pupa, kòkó àti ọtí tó gba èbúté wa kọjá, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà bìkítà fún ohun tí wọ́n rọ wọ́n sí. Lójú tèmi, ohun ìdì ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tí ó gbòde lásìkò yìí, èyíinì ni "àtúnlò", ti da nǹkan méjì tí kò jọra pọ̀ mọ́ra wọn. N óò padà sórí èyí.

Ewé ló ṣáájú. Ewé gbòdògí ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ewé ni wọ́n fi ń di obì kí ó má baà gbẹ. Ewé náà ni wọ́n fi ń di ọṣẹ dúdú àti iyọ̀. Ewé kì í ní iṣẹ́ kejì. Òwe wa ní bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, a ó dárí ji ewé. Òwe ìpẹ̀tùsááwọ̀ ni, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná fún ìṣẹ́jú kan. Ewé tí a dárí jì, orí ààtàn ló ń lọ. Ewúrẹ́ jẹ nínú rẹ̀, èyí tó kù jẹrà, ó di ilẹ̀dú. Kò sí ẹni tó ń ṣà á padà, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó ṣà á.

Òwe kejì ló jinlẹ̀ jù fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ohun ìdì àti ohun tí a dì kì í kàn gbé pọ̀ lásán. Díẹ̀ nínú èyí máa ń wọ inú ìyẹn. Ohun tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà òde òní ń fi ẹ̀rọ wò lára ìgò oníke nìyẹn gan-an, kò sí ìyàtọ̀.

Àwọn ohun èlò tó ń pẹ́ lọ́wọ́ ni igbá, akèrègbè àti ìkòkò. Igbá tó bá là, wọ́n a gán an. Ìkòkò tó bá fọ́ a di àpáàdì, wọ́n a fi bu ẹyinná láti ilé kan dé ilé kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Ṣùgbọ́n ìlànà kan wà tí ó ń ṣọ́ gbogbo èyí. Ohun èlò kì í ṣí kiri bó ti wù ú láàárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Igbá epo kì í di igbá omi. Ìkòkò àgbo kì í di ìkòkò ọbẹ̀, ti ìkòkò aró kò tilẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú. Igbá àti amọ̀ máa ń fa ohun tí a bá rọ sínú wọn mu, fífọ̀ kì í sì í mú un kúrò tán. Nítorí náà, kí ìyá ilé tó lo ohun èlò tí kò mọ ìdí rẹ̀, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ béèrè: kí ni ó ti gbé rí?

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ohun ìdì irú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́pọ̀ yanturu láti òkè òkun. Ọtí jíìnì àti ṣìnáàpù láti Họ́láńdì wá nínú ìgò onígun mẹ́rin, nítorí pé irú ìgò bẹ́ẹ̀ ṣeé tò sínú àpótí pákó láìfi àlàfo sílẹ̀. Ṣágo, ìgò ńlá oníkùn gbẹ̀ǹdù tí ọrùn rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, bá wọn dé. Lójú ẹni tó kó ọtí wá, ohun tí ọtí wọ̀ rin ìrìn-àjò ni ìgò. Lójú àwọn ará wa, ọjà ọ̀tọ̀ ni. Ìgò kì í jò bí akèrègbè, kò mu epo, ìkán kò lè jẹ ẹ́, bí a bá sì fọ̀ ọ́ dáadáa kì í mú òórùn ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dání. Ìbéèrè ìyá ilé rí ìdáhùn tí kò tíì ní rí: ohunkóhun tí ó bá ti gbé rí, omi gbígbóná àti iyanrìn yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Báyìí ni ìgò ọtí ṣe di ìgò epo, ìgò oyin, ìgò àgbo àti ìgò àdín.

Agolo tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1810 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún Peter Durand ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífi oúnjẹ pamọ́ sínú agolo, nígbà tó sì di 1813, Donkin àti Hall ti ń ṣe é tà ní Lọ́ńdọ̀nù. Agolo mílíìkì, sadíìnì àti tòmátì tó kún ilé ìdáná wa jẹ́ ọmọ ọmọ agolo wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n agolo tí ó yí ọjà wa padà jù lọ kì í ṣe ti oúnjẹ rárá. Ti epo òyìnbó ni. Epo kẹrosín-ìnnì láti Amẹ́ríkà máa ń wá nínú agolo onígun mẹ́rin, méjì nínú àpótí pákó kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba bíi lítà 19. Èyí ni garawa, ọ̀rọ̀ tí àwa àti àwọn Hausa jọ ń lò. Kẹrosín-ìnnì tán, garawa bọ́ sọ́wọ́ àwọn olómi, wọ́n ń fi ọ̀pá ru méjì méjì lé èjìká kiri ìlú. Ó bọ́ sọ́wọ́ elépo pupa àti onígààrí pẹ̀lú. Ẹ ṣàkíyèsí pé garawa ti rú ìlànà àtijọ́ níhìn-ín: ohun tí ó gbé epo àtùpà ló wá ń gbé omi mímu. Wọ́n a fi eérú fọ̀ ọ́, wọ́n a sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n a sì tún gbóòórùn inú rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó ti mọ́. Irin kì í fa kẹrosín-ìnnì mu, ìyẹn ló jẹ́ kí fífọ̀ ràn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn de ìgbà tí a bá dé orí ike.

Bí agolo ṣe di òṣùwọ̀n kò ṣòro láti lóye. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ní lọ́wọ́, tí títóbi rẹ̀ kì í sì í yí padà. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ ṣe agolo mílíìkì fún wa ní nǹkan yẹn lọ́fẹ̀ẹ́: agolo tó wà ní Ṣágámù bá èyí tó wà ní Ìlọrin dọ́gba. Nígbà tí òfin ìwọ̀n ọdún 1974 sọ kílò àti lítà di òṣùwọ̀n ìjọba ní Nàìjíríà, ọjà gbọ́, ó sì ń bá agolo rẹ̀ lọ. Àwọn kan sọ pé ìwà àìmọ̀kan ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi agolo ra ìrẹsì lè fi ojú rí ohun tí ó rà. Ẹni tó ń wo abẹ́rẹ́ orí ìwọ̀n gbọ́dọ̀ gba ẹni tó ni ìwọ̀n gbọ́. Lóòótọ́, alágàbàgebè kò ṣàì wà nínú ọ̀rọ̀ agolo: àwọn kan ń lu ìdí kóńgò wọlé kí ó má baà gba púpọ̀ mọ́, gbogbo ìyàwó ilé ló sì mọ̀ pé kí òun ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí òun tó sanwó.

Agolo ní iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú. Àwọn alágbẹ̀dẹ páànù sọ ọ́ di fìtílà. Wọ́n fi ìṣó lu ihò sí ara páànù rẹ̀, ó di ohun tí a fi ń rin gbágùúdá. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n láàárín ìlú, wọ́n rọ ẹ̀wà lílọ̀ sínú agolo òfìfo, mọ́ínmọ́ín alágolo dé. Èmi náà jẹ ẹ́ dàgbà, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n agolo tí a ṣe fún ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń sè ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Láyé àtijọ́, òjé ni wọ́n fi ń jó ojú ìran agolo pọ̀, Amẹ́ríkà kò sì fi òfin dá irú agolo oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dúró títí di ọdún 1995. Inú agolo òde òní ní ọ̀dà tí ó ń dènà ìpẹtà, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní BPA sì wà nínú púpọ̀ nínú ọ̀dà wọ̀nyí. Ní òpin ọdún 2024 ni àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣòfin láti lé e kúrò nínú ohun tó ń kan oúnjẹ. Ọ̀dà tó bá ti họ, tí a tún wá ń sè nínú omi híhó lójoojúmọ́, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ṣe agolo náà ní lọ́kàn.

Àtúnlò tó létò jù lọ tí ilẹ̀ wa tíì rí, ilé-iṣẹ́ ọtí àti ti mínírà ló dá a sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pariwo nípa àyíká nígbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde ní Ìgànmú. Wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀ ní 1951, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó ní 1953. Ìgò wọ́n ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ padà. Ẹni tí yóò ra mínírà gbọ́dọ̀ mú ìgò òfìfo dání, tàbí kí ó fi owó ìgò sílẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ wá kéréètì yá káàkiri àdúgbò. Ìgò padà sí ilé-iṣẹ́, wọ́n fi omi gbígbóná tí sódà líle wà nínú rẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tún rọ ọtí sí i. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ṣòfin owó ìgò ní ọdún 1971, tí àwọn oníwèé ìròyìn sì ń gbóríyìn fún un, ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́ mínírà ní Òṣogbo ti mọ òfin náà dunjú.

Ike ló ba ètò yìí jẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Whinfield àti Dickson, ṣàwárí ohun tí a ń pè ní PET ní 1941, òwú aṣọ ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe. Ní 1973, Nathaniel Wyeth, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí a ṣe lè fi ṣe ìgò tí mínírà kò ní bẹ́. Ìgò yìí fúyẹ́, kì í fọ́, kò sì ní owó orí. Kò sí ẹni tó ń dá a padà. Ìbátan rẹ̀ ni ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ṣàwárí ní England ní 1933, tí a fi ń ṣe àpò píọ́ wọ́tà tó gbòde láti àwọn ọdún 1990. Àwa Yorùbá ń pe èyí ní láílọ́ọ̀nù, a sì ń pe ike líle ní rọ́bà. Láílọ́ọ̀nù kì í ṣe nylon, rọ́bà kò sì ti ara igi rọ́bà wá. Èdè kò jẹ̀bi. Orúkọ ohun àjèjì tó kọ́kọ́ dé ni a máa ń fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò bá ohun mu lè ṣi ni lọ́nà, bí a ó ṣe rí i.

Ìwé ìròyìn náà ní ìpín tirẹ̀. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìwé tí a ti kà tán kò ṣàì wáṣẹ́ mìíràn ṣe nílẹ̀ wa, iṣẹ́ tí a sì mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni dídi àkàrà, dùǹdú àti súyà. Ta ni kò tíì ka ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lára àkàrà rí? Ṣùgbọ́n epo wà nínú yíǹkì, epo gbígbóná ara àkàrà sì máa ń fà á jáde. Ní nǹkan bí ọdún 2009 àti 2010, àwọn onímọ̀ ní Zürich, ní Switzerland, fi hàn pé epo yíǹkì ń wọ inú oúnjẹ gbígbẹ pàápàá láti ara páálí tí a fi ìwé ìròyìn àlòkù ṣe. Ní 2016, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Íńdíà kìlọ̀ fún àwọn olóúnjẹ ibẹ̀ pé kí wọ́n yé fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí ọ̀rọ̀ tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A ń pe fífọ ìgò kí a sì tún rọ nǹkan sí i ní àtúnlò. A ń pe ti ilé-iṣẹ́ tó ń lọ ike tí ó sì ń yọ́ ọ di ike tuntun náà ní àtúnlò. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ méjèèjì. Ike kò dà bí ìgò àti irin, bí igbá ló rí: ó ń fa nǹkan mu. Kẹ́ẹ̀gì tó gbé oògùn apakòkòrò, tí a wá fi ọṣẹ fọ̀ tí kò rùn mọ́, kò tíì mọ́. Bí elépo kan bá ra irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀, tí ó rọ epo pupa sí i, epo náà yóò máa fa ohun tó wà lára ike jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbọ́ lórí rédíò pé àtúnlò dára, ó sì ti ṣe àtúnlò.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe èkejì. Wọ́n ń ṣa ìgò PET sọ́tọ̀, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi omi gbígbóná àti sódà líle fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń fi ooru gbígbóná janjan àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò lé àwọn kẹ́míkà tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ jáde. Kí ìjọba tó gbà á láyè, wọ́n gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ náà wò: wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn kẹ́míkà bíi toluene àti chloroform ba ike náà jẹ́, wọ́n á kó o gba inú ẹ̀rọ kọjá, wọ́n á sì wọn èyí tó ṣẹ́ kù. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó bá wọ oúnjẹ ènìyàn láti ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdajì ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù lọ. Nǹkan bí ọdún 1991 ni àjọ FDA ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ike PET irú èyí láyè fún ìgò mínírà. Ní Yúróòpù, òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ pé láti 2025, ìgò ohun mímu PET gbọ́dọ̀ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ike irú èyí ní àròpín, kí ó sì di 30 fún gbogbo ìgò ohun mímu oníke ní 2030. Òfin 2022/1616 sì ṣàlàyé ọ̀nà tí a gbọ́dọ̀ gbà ṣe é. Ìbéèrè ìyá ilé ni gbogbo ìlànà wọ̀nyí ń béèrè: kí ni ó ti gbé rí?

Nítorí náà, mo rò pé ọ̀rọ̀ méjì ni a nílò. Kí àtúnlò dúró fún ohun tí a fọ̀ tí a sì tún lò bó ṣe wà. Fún èkejì, mo ti yẹ ọ̀rọ̀ mélòó kan wò. Àtúnṣe ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn àtúnrọ, nítorí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọkọ́, ṣùgbọ́n "rọ" náà ni a fi ń da epo sínú ìgò. Ẹni tó bá gbọ́ àtúnrọ lè rò pé ìgò ni a tún rọ nǹkan sí, a ó sì padà sínú ìdàrúdàpọ̀ tí a fẹ́ sá fún. Èyí tí mo fara mọ́ ni àtúnyọ́. Ìgò, irin àti ike ni a lè yọ́. Ìwé kò ṣeé yọ́, gígún ni wọ́n ń gún un bí iyán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ gbé gbogbo ayé. Iṣẹ́ náà kò sì ṣàjèjì sí àgbègbè wa. Àwọn Masaga ní Bida, àwọn aládùúgbò wa Nupe, ti ń yọ́ ìgò ọtí òyìnbó láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ tipẹ́, S. F. Nadel, tó ṣèwádìí láàárín wọn ní àwọn ọdún 1930, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ti 1942. Iná ìléru kì í fi ohunkóhun tí ìgò ti gbé rí sílẹ̀.

Ní Èkó, iṣẹ́ ṣíṣa ike ti ní olórí àti ẹgbẹ́ báyìí. Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá Wecyclers sílẹ̀ ní 2012, ó ń fi kẹ̀kẹ́ gba ìdọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà àwọn ènìyàn, ó sì ń fi ẹ̀bùn san án fún wọn. Ní 2018, àwọn ilé-iṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan fún kíkó ohun ìdì wọn padà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun fòfin de abọ́ fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, ìfòfindè lórí àwọn ike àlòsọnù mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 2025. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgò tí a ṣà ló ń padà di ìgò. Káàkiri àgbáyé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń di òwú aṣọ, tìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì, nítorí pé òwú kò nílò ìdánwò tí ìgò oúnjẹ nílò. Whinfield àti Dickson ì bá rẹ́rìn-ín.

Mo ń kó orúkọ àwọn òṣùwọ̀n tó ti ara agolo àti ìgò jáde jọ, láti ẹ̀ka èdè Yorùbá gbogbo, pẹ̀lú ti àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ní orúkọ ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pe kóńgò, garawa tàbí ìgò epo ní ìlú yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì sọ ohun tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀.